Ta Ló Wá Na Caddo Plains?

Fọláránmi ń fọ mọ́tò níwájú ilé rẹ̀ ní Wylie, nítòsí Dallas, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Wàhídì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi àwòrán kan ránṣẹ́. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í, àfi ojú kan tó ń rẹ́rìn-ín tó fi sísàlẹ̀. Fọláránmi nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó fẹ àwòrán náà lójú, ó kà á. Ó tún kà á. Ló bá ju kànrìnkàn sínú korobá, omi ọṣẹ ta sí i láyà, kò tilẹ̀ mọ̀.

Àkọsílẹ̀ eré bọ́ọ̀lù láàárín yunifásítì méjì ló wà nínú àwòrán náà, láti ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé títí di òní. Ọ̀kan ni Trinity Forks, níbi tí Fọláránmi ti kàwé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dallas. Èkejì ni Caddo Plains, níbi tí Wàhídì ti kàwé láàárín ọdún kan náà. Níwájú ọdún 2017, níbi tó ti máa ń wà pé Trinity Forks fi ogún borí mẹ́tàdínlógún, wọ́n ti fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn ti wọ́gi lé ìṣẹ́gun náà.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbá ife àgbáyé o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, tí wọ́n sì ń kan ara wọn bí àgbò. Nígbà tí Fọláránmi kọ́kọ́ ti Ìkìrun dé, ìjà ìgboro ló pè é. Lọ́dún kejì, ó ti ń dìde lórí ìjókòó. Lọ́dún kẹta, kò sí eré kan tí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ti gbá, títí kan èyí tí wọ́n gbá kí wọ́n tó bí i, tí kò mọ iye tó parí sí. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, á sọ fún yín pé ìgbà méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n ti pàdé: Caddo borí mẹ́tàlélógójì, Trinity borí mẹ́rìndínlógójì, wọ́n ta ọ̀mì mẹ́ta.

Òun àti Wàhídì ní àdéhùn kan tó ti lé lógún ọdún. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi yóò wọ ẹ̀wù ilé-ẹ̀kọ́ èkejì lọ kí onítọ̀hún nílé, yóò sì jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán. Láti 2008 títí dé 2016, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, Fọláránmi ló ń wọ ẹ̀wù òféèfèé ti Caddo lọ sí ilé Wàhídì létí adágún ní Rowlett. Ìyàwó Fọláránmi, Josephine, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré lójú Fọláránmi. Ní ọdún keje, ó padà délé, ó bọ́ ẹ̀wù náà, kò sì jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ọmọ rẹ̀ gan-an ló fòpin sí ẹ̀gàn náà. Dárasími ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láti kékeré, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì le. Kóòṣì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama rí i, ó ní kí ó wá máa gbá bọ́ọ̀lù ṣóńṣó fún àwọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sáré wọ pápá, kí ó gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá, kí ó sì jáde. Nígbà tó wọ Trinity Forks, ó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ní 2017, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí eré parí, mẹ́tàdínlógún ni ẹgbẹ́ méjèèjì ní, bọ́ọ̀lù sì wà ní yáàdì mẹ́rìnlélógójì sí òpó. Dárasími gbá a. Ó lọ sókè, ó tẹ̀ sí òsì díẹ̀, ó sì gba àárín kọjá. Fọláránmi pariwo tí ohùn rẹ̀ fi há fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Wàhídì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ti Trinity wá sí Wylie, ó jókòó tì í. Fọláránmi fara balẹ̀ jẹ iyán tiẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀.

Ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n wá fa ìlà lé lórí báyìí.

Ìdí rẹ̀ ni pé àjọ tó ń ṣàkóso eré àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn eléré Trinity lọ́dún náà, ọmọ kan tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré bí ẹtu, kò fúnra rẹ̀ ṣe àwọn ìdánwò rẹ̀. Ẹlòmíràn ló bá a ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Kò yẹ kí ó wọ pápá. Nítorí náà, gbogbo ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn di òfo.

Láti ọjọ́ yẹn, Fọláránmi kò sinmi. Níbi iṣẹ́, níbi tó ti ń tọ́jú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan, ó ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán kọ ímeèlì. Ó kọ ìwé ẹ̀hónú olójú ìwé mẹ́ta, ó fi ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ó fi sórí Wásáàpù, ó ń pe ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Dárasími ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ó kọ ọ́ pé ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba ìṣẹ́gun, tí kò jí ìdánwò wò, tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀, ni wọ́n gba ògo lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá ti buwọ́ lù ú. Ó pe Dárasími ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti sọ fún un. Ọmọ náà dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun wà níbi ìpàdé iṣẹ́. Josephine ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Fọláránmi bi í bóyá Caddo Plains ló ń sanwó fún un.

Ọ̀rọ̀ Wàhídì ló dùn ún jù. Wàhídì ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò dúró, pé ó ti di mẹ́wàá, àti pé Fọláránmi jẹ òun ní ìkíni kan.

Ní ọjọ́ Wẹsidé, ó gba ààyè níbi iṣẹ́, ó wa mọ́tò lọ sí Trinity Forks fúnra rẹ̀. Wọ́n mú un wọ yàrá Sharon, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ eré ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ogún ọdún sẹ́yìn. Sharon mọ̀ ọ́n, ó ti ka gbogbo ímeèlì rẹ̀. Ó fún un ní ìjókòó, ó fún un lómi. Fọláránmi kò fọwọ́ kan omi náà.

Ó bi í bóyá Caddo Plains ni wọ́n wá fún ní ìṣẹ́gun.

"Rárá o," ni Sharon wí. "Wọn ò fún wọn. Nínú ìwé tiwọn, wọ́n ṣì fìdí rẹmi."

"Wọ́n fìdí rẹmi, àwa ò sì borí."

"Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe wí."

"Ta ló wá nà wọ́n?"

Sharon wo ojú tábìlì rẹ̀. "Lórí ìwé, kò sí ẹni tó nà wọ́n."

Fọláránmi fi ìka ṣírò rẹ̀ fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní eré méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n gbá. Bí ẹ bá ka ti Trinity nísinsìnyí, mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ẹ máa rí. Ó ní níbo ni ọ̀kan tó kù wà, ta ló gbé e, ṣé òun àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ènìyàn tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ń lá àlá ni? Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. Ẹnì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Sharon fi ọwọ́ sọ fún ẹni náà pé kò sí nǹkan.

Obìnrin náà wá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìwé kan jáde. Ìjábọ̀ ìwádìí náà ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síta fún aráyé. Ó ní, "Ẹ kà á kí ẹ tó gbé ìwé yín lọ síwájú ìpàdé ní Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán."

Inú mọ́tò ló ti kà á, níbi ìgbọ́kọ̀sí, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lójú. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 1 ni ọmọ tó ń sáré. Òṣìṣẹ́ A ni kóòṣì ìgbákejì kan tó ní kí wọ́n bá a ṣe ìdánwò. Òṣìṣẹ́ A yìí ti kúrò ní Trinity kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè, àjọ náà sì ní ọwọ́ àwọn kò tó o mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 2 ló ṣe ìdánwò náà, nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pè é lọ́dún yìí, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pa mọ́. Ní ojú ìwé kọkànlá, wọ́n kọ ọ́ pé inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà ni Akẹ́kọ̀ọ́ 2 wà. Ó sọ fún àwọn olùwádìí pé bọ́ọ̀lù tí òun gbá ló tàsé òpó lọ́dún 2016, tí Caddo fi borí wọn pẹ̀lú àmì méjì, òun kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó fún Trinity ní 2016.

Fọláránmi kò rántí bó ṣe dé Frisco, níbi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ó rántí pé òun tẹ fèrè fún ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ilé ni Dárasími ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nínú apáátìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí ìwé tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè wọlé.

"Ìwọ ni Akẹ́kọ̀ọ́ 2?"

"Èmi ni, Daddy."

Fọláránmi sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ó ní igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá ló buwọ́ lùwé pé ọmọ òun kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ó ní òun ti bá obìnrin jẹ́jẹ́ kan ja ìjà òpònú lóòórọ̀ yìí. Ó ní ilé tí òun ti wá ní Ìkìrun, tí ọmọ bá jí ẹja inú ọbẹ̀, bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè. Ó bi í pé ṣé orí rẹ̀ dàrú ni. Dárasími dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń gbọ́. Nígbà tó dáhùn, èdè òyìnbó ló fi dáhùn, bó ti máa ń ṣe. Ó ní òun kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé kankan nítorí òun.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún Mummy. Láti oṣù Karùn-ún."

Ìyẹn gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fọláránmi di ẹ̀yìn àga mú. Ó ní Josephine mọ̀, ó sì jẹ́ kí òun máa ké kiri ìlú bí ajá tí kò mọ ẹran? Ó ní kí ni wọ́n fi òun pè nínú ilé òun?

Nígbà náà ni Dárasími yí padà sí Yorùbá. Kì í sábà sọ ọ́, ó sì ń já a níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ lásán rin orí òkúta.

"Ní 2016, nígbà tí mo tàsé, ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ láti pápá títí a fi dé Wylie. Mummy ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ yí rédíò sókè. Ọjọ́ mẹ́rin ni, Daddy. Ọjọ́ kẹrin lẹ tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí kóòṣì pè mí lọ́dún kejì, tó ní bí ọmọ yẹn ò bá yege a ò ní lè na Caddo, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi gbà."

Fọláránmi fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó rántí rédíò náà. Ó rántí pé ìròyìn ojú ọjọ́ ni wọ́n ń kà, pé òun kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, òun kàn fẹ́ kí ariwo wà láàárín òun àti ọmọ tó jókòó sẹ́yìn.

"Ìyẹn kì í ṣe àwíjàre," ló wí.

"Mi ò pè é ní àwíjàre. Ẹ bi mí, mo sì dá yín lóhùn."

Ó jáde láìdágbére. Nígbà tó délé, ó bá Josephine jà débi tí obìnrin náà fi gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, tó sì lọ síbi iṣẹ́ ní wákàtí méjì ṣáájú àkókò. Kí ó tó jáde, ó ní, "Daddy Dára, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá lanu, iye eré lẹ máa ń kà fún mi."

Ó bínú sí Josephine ní Tọ́sidé. Ó bínú sí Dárasími títí di ọ̀sán Fúráìdé. Inú tó ń bí i sí ara rẹ̀ ni kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó tún mú ìjábọ̀ náà, ó ń kà á lọ kà á bọ̀, ojú rẹ̀ sì ń padà sí ibì kan ṣoṣo: Òṣìṣẹ́ A. Àgbàlagbà ọkùnrin. Ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún láti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Fọláránmi mọ kóòṣì ìgbákejì tó kúrò ní Trinity náà: ó ti di ọ̀gá kóòṣì ní yunifásítì ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọ́n sì ń ka ìṣẹ́gun rẹ̀ níbẹ̀ láìsí ìlà lórí ọ̀kankan.

Ó pe ọmọ rẹ̀. Kò kí i. Ó ní, "Ṣé mo lè sọ ọ́ ní ìpàdé lọ́la?"

Dárasími ní, "Ẹ sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bi mí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bi mí."

Nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ní àárọ̀ Sátidé, ó tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó jókòó, púpọ̀ nínú wọn nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Alága kọ́kọ́ ka ètò àsè tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú oṣù Kẹwàá. Ó ní àlejò pàtàkì wọn ni kóòṣì tó fi òpin sí ìyà ọdún mẹ́sàn-án, ó sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Fọláránmi mọ orúkọ náà. Òṣìṣẹ́ A ni.

Wọ́n pè é pé kí ó wá ka ìwé ẹ̀hónú rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó gbé ìwé náà sílẹ̀, kò ṣí i.

Ó ní, "Mo fa ìwé mi sẹ́yìn. Ọmọ mi ló ṣe ìdánwò náà. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo kọ́ ọ pé nína Caddo ju ohun gbogbo lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn, a ti jẹ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán an níṣẹ́ ni ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yìí. Ẹ fẹ́ fún un lóúnjẹ."

Alága ní ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ètò ọjọ́ náà. Wọ́n pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Fọláránmi kò nílò rẹ̀, ohùn tó fi ń pariwo ní pápá ṣì wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ti gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ àgbàlagbà? Ọkùnrin kan dìde nídìí ògiri, ó ní ọmọ Fọláránmi ló ba ti gbogbo àwọn jẹ́, ó sì yẹ kí ojú tì í. Fọláránmi dá a lóhùn pé ojú ń ti òun. Ó ní kí ọkùnrin náà wá sọ ẹni tí ojú tún yẹ kó tì. Obìnrin méjì dìde, wọ́n jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn náà kí òun gan-an tó jáde, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bínú sí tàbí kóòṣì.

Àsè náà kò yí padà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí i pé wọ́n dúpẹ́ fún èrò rẹ̀.

Ó pe Wàhídì ní ọjọ́ yẹn kan náà, nítorí kò fẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó ń retí ẹ̀rín. Wàhídì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fọlá, mo wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé." Fọláránmi ní òun kò fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni, ó sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Dárasími wá sí Wylie. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀, ó fa àga kan sídìí tábìlì. Fọláránmi ti ń kọ lẹ́tà sí yunifásítì tí kóòṣì náà wà báyìí. Ó yí kọ̀ǹpútà sí ọmọ rẹ̀ kí ó kà á.

Dárasími kà á tán. "Ẹ kọ 'ọmọ mi kékeré' síbí. Ẹ yọ 'kékeré'."

"Kékeré ni ọ́ nígbà náà."

"Mo ti pé ogún ọdún. Ẹ yọ 'tàn án jẹ' náà. Ó ní kí n ṣe é, mo sì ṣe é."

Fọláránmi ní bí àwọn bá yọ gbogbo ìyẹn, kí ló máa wá mú àwọn ènìyàn náà ka lẹ́tà ọ̀hún? Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò bá ta ènìyàn lára, inú pàǹtírí ni wọ́n máa ń jù ú sí. Dárasími ní kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. Josephine gbé oúnjẹ wá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jókòó sí àga kẹta láìdá sí i. Níkẹyìn, Fọláránmi fi ìka kan pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ ẹ̀rọ náà bí ẹni ń pa èèrà. Dárasími fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

"Fi iye eré náà sí i," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ogún sí mẹ́tàdínlógún."

"Kò sí ohun tí iye eré ń wá níbẹ̀, Daddy."

Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀.